Ikọ́ Bíntù Kì Í Ṣe Ikọ́ Ife

Ilé Bàbá Yẹ̀kínì Olóbì,
Òkè-Ìmẹ̀sí.
14 Nòfẹ́ḿbà, 1964.

Búọ̀dá mi Lásúnkànmí,

Ẹ kú òtútù o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú òyìnbó. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, Àǹtí Jemilat, ẹ ní mo ní wọ́n kú àárò ọmọ. Bàbá kí yín, Ìyá kí yín. Ewúrẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ìbá kí yín náà, ṣùgbọ́n a ti jẹ ẹ́ nígbà Iléyá.

Èmi Tàwàkálítù àbúrò yín ni mo mú kálámù. Bàbá kò rán mi. Èmi ni mo rán ara mi. Ọ̀rọ̀ Bíntù ọmọ yín ni.

Bíntù ń wúkọ́. Ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí. Kì í ṣe ikọ́ tí èèyàn ń wú tó ń dákẹ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kàù, kàù, kàù, bí ẹni ń fi àáké la igi obì. Tó bá gbé e, àjà á máa mì, adìẹ á gbàgbé ẹyin tó ń sàba lé.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ọmọ ìlú yìí ló ń wúkọ́. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, bí wọn kò bá tilẹ̀ tó igba. Bí wọ́n bá ń wú u pọ̀ ní ilé-kéú Àlùfáà Àyúbà, àwọn òkè tó yí wa ká á gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n á dá a padà, ará Ẹ̀fọ̀n á rò pé ogun dé.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntóyè, dísípẹ́ńsà wa, ti gún Bíntù ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì títí ìdí ọmọ fi di ajere. Bí ẹ bá fún un lómi mu lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà jáde. Ikọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gún ẹnìkan. Ògúntóyè fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ yìí ń ṣeré. Ara rẹ̀ á gbóná díẹ̀ nírọ̀lẹ́, á ní orí ń fọ́ òun, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wúkọ́, á fo okùn, á tún wúkọ́, á tún fo okùn.

Ẹ mọ̀ pé bó ti wù ká pẹ́ tó ní Òkè-Ìmẹ̀sí yìí, ọmọ Ìwó ni wọ́n ṣì ń pè wá. Ìyá Sẹ̀gilọlá, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ wọ "ulé oníkọ́" mọ́. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà. Àwọn gan-an ló ń jẹ ẹ̀pà wa jù. Ẹ̀pà á sinmi." Bàbá ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi awò wo kòkòrò àrùn ní ọsibítù òyìnbó. Ẹ bá mi bi wọ́n pé irú ikọ́ wo nìyí. Ẹ fi oògùn ránṣẹ́. Ẹ má fi fọ́tò ara yín nínú kóòtù òtútù ránṣẹ́ mọ́. A ti ní mẹ́ta, kò sì wo ikọ́.

Àbúrò yín tí kò bẹ̀rù ẹnìkankan,
Tàwàkálítù.


Manchester,
27 Nòfẹ́ḿbà, 1964.

Tàwàkálítù àbúrò mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo dúpẹ́ pé gbogbo ilé wà láàyè, nítorí bí mo bá ní kí n tẹ̀lé ohun tí o kọ, òkè ì bá ti wó lu ìlú mọ́lẹ̀. Bá mi kí Bàbá, kí Ìyá.

Ìyá Bíntù sunkún odidi ọjọ́ méjì nítorí ìdí ajere. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí abiyamọ nìyẹn?

O rántí lẹ́tà ẹkùn? Lọ́dún tó kọjá o kọ̀wé sí mi pé ẹkùn wọ ilé, pé ó jókòó sórí àga Bàbá, pé ó ń wo yín bí onílé tó fẹ́ gbowó. N kò lè jẹun. Ìgbà tí Bàbá ní kí akọ̀wé bá òun fèsì ni mo tó gbọ́ pé ológbò Ìyá Sẹ̀gilọlá ni. Nítorí náà, nígbà tí o kọ ọgọ́rùn-ún ọmọ, n kò mọ èyí tí n óò gbà gbọ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà tí mò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní pẹnisílíìnì kò ràn án, tí ọmọ sì ń fo okùn, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kòkòrò àrùn kan wà tó jẹ́ pé bí ọdún méjì péré sẹ́yìn ni wọ́n tó mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Màíkópláásímà ni orúkọ rẹ̀. Ògiri ara kòkòrò ni pẹnisílíìnì máa ń wó, eléyìí kò sì mọ ògiri kankan. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn gbé òòlù lọ wó ilé ẹni tó ń sùn lábẹ́ igi.

Ó ní àwọn ọmọ tó ti tó ilé ìwé lọ ló fẹ́ràn jù. Kì í sáré bí èéyi. Bó bá mú ọ̀kan lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó yọ lára ẹni tó ń bá a sùn tàbí tó ń fara kàn án jókòó. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò sì wú u títí, tí yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ikọ́ pọ̀ láyé, ikọ́ ife náà sì wà nínú wọn. Òun kò lè jókòó sí Manchester kí òun mọ èwo ni èwo.

Nítorí náà, gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ. Lọ ka àwọn ọmọ náà ní ti òtítọ́. Kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bá sùn, ẹni tí wọ́n ń bá jókòó. Bí ẹnìkan bá tu ẹ̀jẹ̀, kọ ọ́. Bí kò bá tu ẹ̀jẹ̀, má bá a tu ú. Bó bá di ọ̀rọ̀ ọsibítù, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní àárọ̀ mẹ́ta. Fọ́tò àyà nìkan kò tó. Bí o bá fi ẹyọ ọmọ kan kún un, n kò ní ka ìwé rẹ mọ́ láyé.

Oògùn kan wà tó lè ràn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń dì sínú àpòòwé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lásúnkànmí.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
18 Dìsẹ́ḿbà, 1964.

Búọ̀dá mi,

Ẹ kú yìnyín, àwa náà kú ọyẹ́. Ètè mi ti la sí ọ̀nà mẹ́rin, òótọ́ sì nìyẹn.

Mọ́kànlá ni wọ́n.

Ó dùn mí láti kọ ọ́. Mo wá ọgọ́rùn-ún títí, n kò rí i. Mo gbé igbá ọṣẹ Ìyá rù, mo ń wọlé dé ilé bí ẹni ń kiri ọjà, mo ń bi àwọn ìyá ọmọ léèrè. Ẹni tó bá dá mi lóhùn dáadáa, mo fi ọṣẹ díẹ̀ ṣe èènì. Ọṣẹ Ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì tíì mọ̀.

Rasheed, ọmọ àbúrò Bàbá, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó lọ kí àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Àrá, ó dé, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà Òkìtóbà. Ní ilé-kéú, òun àti Bíntù àti àwọn ọmọ méjì mìíràn ló ń jókòó sórí ẹní kan, orúnkún kan orúnkún. Bíntù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ kà á. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àwọn méjì yòókù kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí i lọ. Lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Èmi rò pé ó ti tán. Nígbà tó di àárín Nòfẹ́ḿbà, àwọn tó ń bá àwọn wọ̀nyí sùn nílé bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, títí wọ́n fi pé méje. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan níbẹ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èyí tó dàgbà jù jẹ́ mẹ́tàlá. Márùn-ún ti dákẹ́ fúnra wọn. Ògúntóyè gún méjì nínú wọn, kò gún mẹ́ta, bákan náà ni wọ́n ṣe dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tu ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan tu ú díẹ̀ kí ìwé mi lè dùn, wọ́n kọ̀.

Mo tún rí nǹkan mìíràn, ó sì bà mí lẹ́rù láti sọ ọ́. Nígbà tí Rasheed ń wúkọ́, Àlùfáà Àyúbà kọ àdúrà sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó bu omi hàntú náà sínú igbá kan. Rasheed kọ́kọ́ mu. Kí ìbùkún má bàa dànù, àwọn tó wà lórí ẹní rẹ̀ gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mu ún tán. Nígbà tí Bíntù náà ń wúkọ́, bákan náà. Mo lọ bá Àlùfáà. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹgba. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, orúkọ pẹ̀lú ọjọ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ní, "Tàwàkálítù, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣàìsàn. Igbá ló ń ṣàìsàn." Láti ọjọ́ náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá, ẹní náà sì ti di mẹ́rin.

Ibi tó dára nínú ìwé yìí parí síbẹ̀.

Bíntù nìkan ni tirẹ̀ pẹ́ jù. Ìyá ń fi èéfín ewé wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù yìí, Bàbá gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Wọ́n ní òjìji wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó ń fún wọn níwèé ló wo fọ́tò, ó wo Bàbá, ó ní, "Bàbá, èyí jọ ikọ́ ife." Kò sẹ́ni tó yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan wò. Bàbá gbé ọmọ wálé, a kírun ìrọ̀lẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní ikọ́ ife ló pa àbúrò àwọn kan tó jẹ́ obìnrin ní Ìwó, òun àti ọmọ méjì tó ń bá a jẹun. Wọ́n ní bí ìlú bá gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò ra obì lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ ọmọ wa. Wọ́n ní kí ààwẹ̀ tó wọlé, Bíntù yóò lọ máa gbé aba obì pẹ̀lú ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Yóò ní ahéré tirẹ̀. Wọ́n so òwú pupa mọ́ abọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Bàbá, ta ni yóò máa kọ́ ọ níwèé níbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Òkú kì í kàwé. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè."

Mo ní, "Kò ní àrùn tí ẹ ń wí."

Wọ́n ní, "Fọ́tò kì í purọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Búọ̀dá, ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni mò ń sọ lọ́jọ́ náà.

Mo bá dìde, mo gbé abọ́ olówùú pupa, mo jẹ ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo lá ọwọ́ mi. Ìyá bú sẹ́kún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, mo ká ẹní mi kúrò ní yàrá Ìyá, mo lọ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíntù. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti ní ó ń ràn. Mo kà á. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ. Bó bá jẹ́ Màíkó yín ni, yóò yọ lára mi kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ojú gbogbo wọn yóò sì rí i. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, a jẹ́ pé ẹ ti pàdánù àbúrò kan, kí ẹ má sunkún.

Ẹ tètè kọ̀wé sí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀yin ni baba ọmọ, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni wọ́n lè gbọ́.

Tàwàkálítù.


Manchester,
22 Dìsẹ́ḿbà, 1964.

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àláékùm. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín. Mo sì kí Ìyá pẹ̀lú.

Mo rí ìwé tí ẹ ní kí akọ̀wé kọ sí mi gbà lánàá. Ẹ ní wọ́n ya fọ́tò, ẹ ní òjìji wà níbẹ̀, ẹ ní wọ́n pè é ní ikọ́ ife. Tàwàkálítù ti kọ̀wé sí mi ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó ka àwọn ọmọ tó ń wúkọ́ fún mi, n kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé kò rí ẹnìkankan kà.

Ẹ̀yin lẹ wà nílé, ẹ̀yin lẹ rí i. Èmi wà lókèèrè. Bí ẹ bá ní kí Bíntù lọ sí aba kí àwọn ọmọ yòókù má bàa kó o, mo gbà. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀. N óò wá ọ̀nà sọ ọ́ fún un.

Ẹ má bínú pé irú ẹrù báyìí ni mo fi sílẹ̀ sí yín lọ́rùn.

Ọmọ yín,
Lásúnkànmí.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
9 Jánúárì, 1965.

Búọ̀dá Lásúnkànmí,

N kò kí yín. Bí ẹ bá fẹ́ ìkíni, ẹ lọ wò ó nínú àwọn ìwé mi àtijọ́, mo ti kí yín púpọ̀ síbẹ̀.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó ń ka ìwé fún Bàbá nílé yìí? Bàbá mọ Lárúbáwá kà, wọn kò mọ irú ìwé tí ẹ ń kọ kà. Ní Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù yìí, wọ́n mú lẹ́tà yín wá, wọ́n ní, "Tàwàkálítù, wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí." Inú mi dùn. Mo rò pé ìwé mi ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyá jókòó, Rasheed jókòó, mo ya àpòòwé.

Mo ti fi ojú ré lọ síwájú ẹnu mi, mo ti rí ibi tí ẹ ti kọ "mo gbà." Búọ̀dá, kò sẹ́ni tó lè mú mi nílé yẹn bí mo bá yí i padà. Mo lè kà á pé ẹ ní Bíntù kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Mo lè fi èpè díẹ̀ kún un. Ẹnu mi ti là. Mo wá rántí pé bí mo bá purọ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo òótọ́ tí mo ti kà láti ilé dé ilé di irọ́ náà nìyẹn. Mo bá kà á bó ṣe wà. Mo ka ibi tí ẹ ti ní "ẹ mọ̀ ọ́n." Mo ka ibi tí ẹ rò pé n kò rí ẹnìkankan kà. N kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí mo parí, Bàbá ní, "O ṣeun. Mọ́ńdè ni yóò lọ."

Mo fẹ́ fèsì. Ikọ́ ló jáde. Kàù, kàù, kàù. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń rìn mí lọ́fun. Bàbá wò mí. Ìyá gbá àyà mú. Mo ní, "Ẹ má pariwo. Ẹ bá mi kà á. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá ni mo tẹ́ ẹní mi síbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ti ara Rasheed bọ́ sí ti Bíntù." Bàbá ní, "Kí n tó wá sin méjì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ lọ sí aba."

Ní Mọ́ńdè, kí Bàbá tó ti mọ́sáláṣí dé, èmi àti Bíntù ti wà lórí lọ́rì obì tó ń lọ sí ìlú tí ọsibítù wà. Dírẹ́bà bi mí pé ta ló rán wa. Mo ní, "Ikọ́ ni." Mo wú u sí i létí, kò bi mí léèrè mọ́.

Mo ní n kò fẹ́ rí akọ̀wé, dókítà ni mo fẹ́ rí. Wọ́n ní kí n tò sẹ́yìn. Mo tò. Dókítà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ayọ̀bọ́lá. Mo gbé ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá sí kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Mo ti di ìkejìlá, sà. Ẹ ya fọ́tò tèmi náà." Ó rò pé orí mi ti dà rú. Ó wo ìwé náà, ó tún un wò, ó fa àga sún mọ́ tábìlì.

Wọ́n ya mí. Òjìji wà ní tèmi náà, lápá ọ̀tún. Dókítà gbé fọ́tò méjèèjì sójú iná, ó wò mí, èmi tí mo ń jẹ ìrèké. Ó ní, "Fọ́tò yìí ní o yẹ kí o wà lórí bẹ́ẹ̀dì." Mo ní, "Fọ́tò kò mọ̀ mí, sà." Ó ní ikọ́ ife kì í mú èèyàn ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ó tún pa irú òjìji bẹ́ẹ̀ sí àyà. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí á dúró fún àárọ̀ mẹ́ta.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbíkúnlé, ará Ìwó kan tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ọsibítù, la dé sí. Ní Túsìdeè, Bàbá bọ́ sílẹ̀ láti inú lọ́rì kan. Búọ̀dá, n kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Fìlà wọn wà lọ́wọ́.

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ, Bàbá. Mo jí ara mi gbé."

"Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́?"

"Mo jí i pẹ̀lú."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. N kò sá. Mo ní, "Ẹ gbá mi, àmọ́ ẹ dúró dè é títí di ọ̀túnla. Bí kòkòrò ikọ́ ife bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa, èmi fúnra mi ni n óò ru ẹrù Bíntù lọ sí aba, n kò sì ní padà mọ́." Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì Ìyá Ìbíkúnlé pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, wọ́n ń yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ẹ̀rù ló ń ba Bàbá. Mo ti ń pè é ní ìbínú láti oṣù tó kọjá.

Ní Tọ́sìdeè, Dókítà Ayọ̀bọ́lá pe Bàbá wọlé. Kò sí kòkòrò ikọ́ ife. Kò sí lára Bíntù, kò sí lára mi. Ní àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun kò ní ẹ̀rọ tí òun lè fi rí Màíkó yín lójú, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ṣe ń mú un tẹ̀léra yìí, òun gbà pé irú rẹ̀ ni. Ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé fún Bàbá. Bàbá ní kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mú un lọ bá olùkọ́ kan ní ìta kí òun náà kà á.

N kò bínú sí èyí. Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí.

Tàwàkálítù.


Manchester,
25 Jánúárì, 1965.

Tàwàkálítù,

Ìwé rẹ ti Dìsẹ́ḿbà dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́ sí Bàbá. Èyí tó kẹ́yìn dé ní ọjọ́ kọkànlélógún. Mo ti ka méjèèjì títí ìwé fi fẹ́ ya.

Mo ṣẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, èmi ni mo kọ́ ọ pé fọ́tò nìkan kò tó, èmi náà ni fọ́tò kan lé mi wọ igbó láìrí i rárá. Mo túmọ̀ ìwé rẹ méjèèjì fún dókítà mi, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ara Rasheed dé ara Bíntù, láti ara Bíntù dé ara rẹ, ó ń ka ọjọ́ wọn. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́. Mo ní mẹ́rìndínlógún. Ó tún fi ìka tẹ̀lé ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bú ọ nítorí ẹní tí o lọ tẹ́. Mo bú ọ. Má ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé.

Jemilat ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dáná fún ara mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bá mi sọ fún Bíntù pé bàbá rẹ̀ kí i, pé kò sí ọjọ́ kan tí n kò rántí rẹ̀. Bá mi fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú. Bí o bá ní láti fi nǹkan díẹ̀ kún un, fi kún un. Ìwọ lo ní ẹnu.

Lásúnkànmí.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
7 Fẹ́búárì, 1965.

Búọ̀dá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo kí yín lónìí, mo sì kí Àǹtí Jemilat lẹ́ẹ̀mejì.

Ikọ́ Bíntù ti lọ. Tèmi ku díẹ̀, ó ń jáde bí àlejò tó ń wá bàtà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ògúntóyè ti dẹ́kun kí ó máa gún gbogbo oníkọ́. Ó ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ta lo ń bá sùn?" Ìtumọ̀ tí àwọn obìnrin kan fún ìbéèrè náà kò dára, mo sì bá wọn fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀.

Bàbá fúnra wọn tú òwú pupa kúrò lára abọ́. Lẹ́yìn ìrun ọdún, wọ́n dá àwọn èèyàn dúró ní yídì, wọ́n na ìwé olóǹtẹ̀ sókè, wọ́n ní, "Mo sọ ohun tí n kò mọ̀ sí ọmọ-ọmọ mi lára. Kò ní ikọ́ ife. Kò ní in rí." Àwọn kan ní aamin. Ìyá Sẹ̀gilọlá kò tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní òun ń wò ó ná. Mo ní kí ó máa wò ó, ojú kì í tán.

Ní ti iṣẹ́ tí ẹ rán mi sí Bíntù, n kò jẹ́ ẹ. N kò ní í jẹ́ ẹ.

Mo ní ìdí. Lọ́jọ́ tí mo ń ka lẹ́tà yín fún Bàbá, mo ní Ìyá jókòó, mo ní Rasheed jókòó. Èmi náà kò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé Bíntù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí mo sì mọ̀, n kò kọ ọ́ sí yín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú lọ́rì obì, lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Àǹtí Tàwà, kí ni bàbá mi gbà?" Èmi tí ẹnu mi kì í wọ́n, mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, mo ní, "Wo ìlú yẹn bó ṣe kéré." Ó wò ó. Láti ìgbà náà, bí a bá dárúkọ yín nílé, á dìde, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí mo bá lọ sọ fún un pé ẹ kò sùn nítorí rẹ̀, pé omijé yín kún odò Manchester dé ẹnu ọ̀nà, yóò gbà mí gbọ́. Ó ń gba gbogbo ohun tí mo bá sọ gbọ́. Nítorí náà ni n kò fi ní sọ ọ́.

Ẹ kọ̀wé sí i. Kì í ṣe sí Bàbá, kì í ṣe sí mi. Orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé. Ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà, ẹ má so wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ó lè fi ìka tẹ̀lé e. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbà fún un, àti ìdí tí ẹ fi gbà á, àti pé ẹ ṣìṣe. Bó bá wá bi mí pé ṣé òótọ́ ni, n óò ní kó lọ bi ẹni tó kọ ọ́.

Àbúrò yín,
Tàwàkálítù.